Òru Mẹ́ta Tí N Kò Sùn Nínú Ahéré Onítáyà Mi

Àwọn ọmọ Ọ̀wọ̀ tó ti sùn ní Lọ́ńdọ̀nù pọ̀ ju àwọn tó ti sùn ní Ìmọ̀rù lọ. Èmi ti sùn ní méjèèjì báyìí, mo sì lè sọ fún yín pé ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n á fi yín sílẹ̀ kí ẹ sùn.

Ẹ̀yin ará ilé ni mò ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sí, pàápàá ẹ̀yin tí a jọ máa ń jókòó lẹ́yìn ìsìn, tí ẹ ti ń sọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Ẹ ní mo sá kúrò nílé. N kò sá. Ẹ ní ọlọ́pàá mú mi ní Ìjàgbà. Kì í ṣe ọlọ́pàá.

Ẹ má retí kí n ka ìyànà àti kìlómítà fún yín. Ẹni tí mọ́tò rẹ̀ bá dára lè jẹun àárọ̀ ní Ọ̀wọ̀, kó lọ sí gbogbo ibi tí a lọ, kó sì padà wá jẹun ọ̀sán. Ọjọ́ mẹ́rin ni ó gbà wá.

ÀDÉHÙN

Ní àsìkò òjò tó kọjá, mo ṣubú ní balùwẹ̀. Àárọ̀ kùtù ni. Egungun kankan kò ṣẹ́, ṣùgbọ́n n kò lè dìde. Mo wà nílẹ̀ níbẹ̀, mò ń wo bí ìtànṣán oòrùn ṣe ń rìn lára ògiri, títí Alùhájì fi yà wá lẹ́yìn ìrun ọ̀sán láti wá yá àkàbà.

Ẹ mọ Alùhájì. Jórin-jórin ni, ìdí iṣẹ́ bàbá rẹ̀ láàárín ìlú náà ló ṣì wà títí di òní. Mo fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, ó wò mí.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ń wá nílẹ̀?"

Mo ní mò ń bá a wá àkàbà.

Ọmọ mi Fọlákẹ́, tó wà ní Àbújá, kò rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́. Ó ní, "Dádì, ẹ ò lè máa dá gbé mọ́. Ẹ ó máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa kí Kérésì tó dé."

Mo ti lọ sí ilé Fọlákẹ́ rí. Yàrá tí wọ́n fún mi wà lókè, fèrèsé rẹ̀ sì kọjú sí ògiri ẹlòmíràn. Àwọn ará àdúgbò rẹ̀ jẹ́ ènìyàn jẹ́jẹ́. Ó ti gbé ibẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án, kò tíì gbọ́ ohùn wọn rí.

Mo sọ fún un pé mo lè tọ́jú ara mi. Ó ní kí n fi hàn án. Ó ti rí fọ́tò ahéré onítáyà mi tí mo fi ránṣẹ́ sí i, nítorí náà ó ní, "Ó dáa. Ẹ gbé ohun tí ẹ rà yẹn. Mo fún yín ní alẹ́ mẹ́ta láti lọ sùn nínú rẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ yín. Ẹ fọwọ́ ara yín dáná. Ẹ dá sùn, ẹ dá jí. Tí ẹ bá ṣe é lálẹ́ kan péré nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mi ò ní sọ ọ̀rọ̀ Àbújá mọ́. Tí ẹ ò bá ṣe é, Kérésì."

Mo gbà. Mo mọ̀ pé kò rò pé n ó gbà.

Ahéré náà, Alùhájì ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Ilé kékeré funfun kan ni, ó ní táyà méjì, a máa ń so ó mọ́ ìdí mọ́tò. Ọmọ ìlú wa kan ló kó o wá láti Jámánì pẹ̀lú àwọn mọ́tò tòkunbọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì rà á. Ọdún mẹ́fà ni ó fi wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù Alùhájì, tí àwọn adìẹ ń yé sínú rẹ̀, kí n tó rà á. Ó ní ibùsùn kan, tábìlì tó ń ká, sítóòfù kékeré, àti ilẹ̀kùn tí ènìyàn gbọ́dọ̀ tẹrí ba kó tó lè wọlé, bí ẹni ń wọ ààfin.

Mo ti sùn nínú irú rẹ̀ rí. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èmi àti ìyàwó mi, Ìyá Fọlákẹ́, yá ọ̀kan létí òkun fún ọ̀sẹ̀ kan. Òjò rọ̀ ní ọjọ́ méjèèje. A jókòó sínú rẹ̀, à ń mu tíì, à ń wo omi tó ń ṣàn lára fèrèsé. Ó ní ilé tó dára jù lọ tí òun gbé rí nìyẹn, nítorí kò sí ẹni tó lè wá kanlẹ̀kùn. Mo ṣèlérí fún un pé tí a bá délé, a ó ṣe irú rẹ̀. A délé, mo wọ iṣẹ́ ìjọba, ọjọ́ sì ń gorí ọjọ́. Ó ti di ọdún mẹ́fà báyìí tí ó ti dolóògbé.

Mo ra agolo sàdíìnì mẹ́fà, ìrẹsì díẹ̀ àti mílíìkì. Alùhájì jó irin ìsomọ́ sí ìdí mọ́tò mi, ó ní òun ni yóò wà á. A ṣàdéhùn pé kò ní ràn mí lọ́wọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. A lé àwọn adìẹ jáde, a sì gbéra.

UPENMEN

A kò sáré. Tí Alùhájì bá ti tẹná díẹ̀, ahéré náà á bẹ̀rẹ̀ sí í mì bí ẹni tó fẹ́ yà sí ọ̀nà mìíràn. Nítorí náà ó rọra ń lọ, ó sì tan iná iwájú kí àwọn ẹlòmíràn lè rí wa. Èmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú aṣọ funfun, nítorí mo gbà pé ó yẹ kí arìnrìn-àjò mọ́.

Mo ṣàkíyèsí pé ọmọlúàbí ṣì pọ̀ lójú ọ̀nà. Àwọn ọkùnrin ń ṣí fìlà bí a ti ń kọjá. Obìnrin kan tó ru igi sọ igi rẹ̀ kalẹ̀, ó dúró. Ọlọ́kadà kan wà lẹ́yìn wa fún ìgbà pípẹ́, kò sì gbìyànjú láti yà wá sílẹ̀. Mo ń juwọ́ sí wọn. Àwọn kan lára wọn sá wọ inú igbó.

Nígbà tí a dé Upenmen, ènìyàn ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, gbogbo wọn dákẹ́. Hẹdimásítà kan tó ti fẹ̀yìn tì, Kátólíìkì, ọkùnrin tó rìn gbọnrangandan, bọ́ síwájú. Ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ẹ kú ara fẹ́ra kù. Ilé ta lẹ ń gbé e lọ?"

Alùhájì ní, "Gbé kí ni, sà?"

"Òkú náà."

Alùhájì wo ahéré. Ó wo iná iwájú. Ó wo èmi àti aṣọ funfun mi. Ó ní, "Òkú náà nìyí, sà. Omi ló ń béèrè."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà wọ́n ní ká ṣí i kí àwọn fojú ara àwọn rí i. A ṣí i. Ìlú wò ó ní méjì méjì. Obìnrin kan fọwọ́ tẹ ibùsùn, ó kéde fún àwọn tó wà níta pé, "Kì í ṣe ti òkú. Ó ti rọ̀ jù."

Hẹdimásítà wá béèrè ohun tí a fi ń ṣe. Mo ní mo fẹ́ sùn nínú rẹ̀ sí ìlú wọn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó dàbí ìgbà tí mo sọ pé òkú wà níbẹ̀ lóòótọ́.

"Kí la ṣe fún yín?"

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan."

"Àlejò wọ ìlú, ó fa ilé tirẹ̀ lẹ́yìn. Ṣé wọ́n sọ fún yín lọ́nà pé a ò ní yàrá ni? Àbí oúnjẹ wa lẹ gbọ́ nípa rẹ̀?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, ṣùgbọ́n mo ti ń gbọ́ ìró odó lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Ó ti rán ìyàwó rẹ̀ níṣẹ́ kó tó bi mí léèrè. Mo jẹ iyán àti ẹ̀gúsí tó ní ìgbín tó tóbi bí ẹ̀kúnwọ́. Mo sùn sórí bẹ́ẹ̀dì hẹdimásítà, lábẹ́ àwòrán Màríà Mímọ́. Hẹdimásítà fúnra rẹ̀ lọ sùn nínú ahéré, ó ní kò yẹ kí ẹrù àlejò wà níta láìsí olùṣọ́. Ní òwúrọ̀ ó jáde pẹ̀lú ojú ẹni tó gbádùn, ó béèrè bóyá a ò lè dúró di ọjọ́ Àìkú.

Fọlákẹ́ pè. Ó ní, "Dádì, ṣé ẹ sùn nínú rẹ̀?"

"Rárá."

"Ta ló dáná?"

"Ìyàwó hẹdimásítà."

"Ó ku méjì."

ÌJÀGBÀ

Ọgbọ́n tí mo dá ni pé a ò ní wọ ìlú. Tí ẹnikẹ́ni ò bá rí wa, ta ni yóò gbà wá lálejò? A dúró sí ẹ̀bá oko kòkó kan, lábẹ́ igi ńlá, nígbà tí oòrùn ń wọ̀. Ibẹ̀ tutù, ó dákẹ́. Òórùn ewé kòkó tó ń rà nílẹ̀ kún ibẹ̀. Nígbà èwe mi, mo máa ń gba irú ọ̀nà yìí ti oko bọ̀ pẹ̀lú bàbá mi ní ìrọ̀lẹ́. Ejò nìkan la ń bẹ̀rù. Ejò kì í béèrè nọ́ńbà fóònù ẹbí ẹni.

Mo gbé sàdíìnì àkọ́kọ́ sórí tábìlì, mo ń wá ohun tí n ó fi ṣí i. Nígbà tí mo gbójú sókè, ọkùnrin mẹ́fà ló yí wa ká pẹ̀lú ìbọn ṣakabùlà. Ẹ̀ṣọ́ ìlú ni wọ́n. Ẹni tó ṣáájú, Sájẹ́ńtì ni wọ́n ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ṣe ṣọ́jà rí.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, bàbá. Kí lẹ ń ṣe níbí?"

"Mo fẹ́ sùn."

"Nínú igbó?"

"Nínú ilé mi."

Ó fi ẹsẹ̀ ta táyà ilé mi, bí ẹni tó fẹ́ rà á. "Bàbá, ẹ gbọ́. Lóde òní, ènìyàn méjì péré ló ń sùn sínú igbó yìí: ẹni tó ń jí ènìyàn gbé, àti ẹni tí wọ́n jí gbé. Èwo ni yín?"

Alùhájì, tó ti nawọ́ méjèèjì sókè, ní, "Ẹ wo ọjọ́ orí ẹ̀gbọ́n mi. Ta ni yóò jí i, tí kò ní fi gbígbé omi ìwẹ̀ kaná fún un kún iṣẹ́ ara rẹ̀?"

Sájẹ́ńtì rò ó. Ó ní, "Èyí tó wù kó jẹ́, kò lè sùn síbí."

Bí a ṣe wọ Ìjàgbà nìyẹn, méjì níwájú, mẹ́rin lẹ́yìn, ahéré láàárín. Ẹni tó rí wa lójú ọ̀nà tó sì fóònù sí Ọ̀wọ̀ pé wọ́n ti mú mi, n kò bínú sí i. Bó ṣe rí lójú nìyẹn.

Ilé Sájẹ́ńtì la dé sí. Ìyàwó rẹ̀ gbé iṣu sísun, epo pupa àti òkété yíyan síwájú wa. Sájẹ́ńtì tọrọ àforíjì nítorí ìbọn, ó ní òun ò mọ̀ pé tíṣà ni mí. N kò ṣe tíṣà rí, ṣùgbọ́n mo jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ nítorí òkété náà. Àwọn ẹ̀ṣọ́ fi ahéré ṣe ibùdó wọn lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n ń gba ibùsùn lọ́wọ́ ara wọn. Ní òwúrọ̀ wọ́n béèrè bóyá a lè fi í sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn kò tíì ṣọ́ ìlú nínú ìrọ̀rùn bẹ́ẹ̀ rí.

Èmi náà sùn dáadáa, ó ṣeni láàánú.

Fọlákẹ́ ní, "Ó ku ẹyọ kan, Dádì. Mo ti ní kí wọ́n kun yàrá yín."

ÌMỌ̀RÙ

Inú mi kò dùn bí a ti ń lọ sí Ìmọ̀rù. Alùhájì ní kí n kúkú sọ fún Fọlákẹ́ pé mo sùn nínú rẹ̀, ta ni yóò mọ̀? Mo ní èmi yóò mọ̀. Ó ní ìdí nìyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àtijọ́ kò fi kọ́ ilé púpọ̀.

Mo pinnu láti sọ òtítọ́ fún ẹni àkọ́kọ́ tí mo bá bá pàdé. Ìyá àgbà kan ló jẹ́, Màmá Ṣọlá, tó jókòó sí iwájú ilé tí wọ́n gbá mọ́, tó ń bó ẹ̀gúsí. Ó fi ọdún mẹ́ta jù mí lọ, ó sì rí i pé mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, bí eékún mi ti lè ṣe é mọ, mo sì rò ó fún un láti orí balùwẹ̀ dé orí Sájẹ́ńtì.

"Màmá, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí n sùn síta."

Kò dẹ́kun ẹ̀gúsí bíbó. "Ta ló dá yín dúró? Ẹ sùn."

Alùhájì sáré lọ gbé ahéré dúró kí màmá tó yí ọkàn padà.

"Ọmọ ta ni yín?" ni màmá bi mí.

Mo dárúkọ ilé bàbá mi.

"Ti bàbá kọ́ ni mo béèrè. Ìyá ńkọ́?"

Mo dárúkọ ilé ìyá mi. Ẹ̀yin ará Ọ̀wọ̀ mọ ilé náà, kò di dandan kí n kọ ọ́. Ó mi orí, ó sì ń bó ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ.

Mo dáná fúnra mi. Ìrẹsì náà jóná nísàlẹ̀, ọkùnrin kan tó ń kọjá sì kí mi kú ewu iná. Mo ṣí sàdíìnì kan, mo jẹ gbogbo rẹ̀ tán, inú mi sì dùn ju bí oúnjẹ náà ti yẹ lọ. Alùhájì lọ jẹun nínú ilé. Iyán ni wọ́n fún un. Ó jáde wá sọ fún mi bó ṣe rí.

Mo tẹrí ba, mo wọ ahéré, mo tilẹ̀kùn, mo dùbúlẹ̀. Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn: "Bàbá, a ní ká kí yín ni. Ẹ kú ìsinmi." Mo dáhùn. Ẹlòmíràn kàn án. Márùn-ún ni wọ́n. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Mo ronú nípa Ìyá Fọlákẹ́ àti òjò etí òkun yẹn, mo ní, ó tán, mo ti ṣe é.

Mo wá gbọ́ ìró àga tí ẹnìkan ń wọ́ lórí sìmẹ́ǹtì. Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà mi. Mo yọjú lójú fèrèsé. Màmá Ṣọlá ni, ó jókòó, ó fi aṣọ bo èjìká, àtùpà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Màmá, kí lẹ ń ṣe níbẹ̀?"

"Mo jókòó ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé lọ sùn."

"Ẹ sùn ní tiyín. Ẹni tó dá sùn síta, ó yẹ kí ẹnìkan wà níbẹ̀ tí yóò mọ̀ bóyá ó jí."

Mo padà dùbúlẹ̀. Ibùsùn náà rọ̀ lóòótọ́, obìnrin Upenmen kò purọ́. Mo fẹ́ mọ bí yóò ti pẹ́ tó kí ọkùnrin tí wọ́n tọ́ ní Ọ̀wọ̀ lè dùbúlẹ̀ nígbà tí obìnrin tó jù ú lọ jókòó sínú òtútù nítorí rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Mo wọ bàtà mi, mo tẹrí ba, mo jáde. Bẹ́ẹ̀dì ti wà ní títẹ́ nínú ilé rẹ̀. Láti ọ̀sán ni wọ́n ti tẹ́ ẹ.

Alùhájì ló sùn nínú ahéré. Kí n tó bọ́ bàtà, ó ti ń hanrun.

ÒWÚRỌ̀

Ẹ̀yin mọ̀ pé ilé kọ̀ọ̀kan lọ́dọ̀ wa ló ní bí wọ́n ṣe ń kí ọmọ rẹ̀ láàárọ̀. Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, ẹnikẹ́ni kò fi ìkíni ilé wọn kí mi mọ́. Ìyá Fọlákẹ́ kì í ṣe ará ibí, kò mọ̀ ọ́n. Mo ti gbàgbé pé ó wà.

Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ nígbà tí mo gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà, ní ohùn Màmá Ṣọlá, láìfi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Mo ti dọ̀bálẹ̀ kí n tó rántí ìbàdí mi. Mo dáhùn bí ọmọdé ti ń dáhùn.

Ó ní, "Ó dáa. Ẹ ti jí." Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń lọ.

Mo dìde pẹ̀lú ìrànwọ́ àga, mo tẹ̀ lé e. Ó lọ sí ilẹ̀kùn bàbá kan tí àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Èkó. Ó kí i pẹ̀lú ìkíni ilé tirẹ̀, ó dúró, ohùn kan dáhùn nínú ilé, ó kọjá. Ó lọ sí ti obìnrin kan tí kò ríran mọ́. Ó lọ sí ilẹ̀kùn mẹ́rin. Kò wọ ọ̀kankan.

Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Ọkọ mi ló ṣubú nínú ilé nígbà tí mo lọ sùn lóko. Ọjọ́ kejì ni mo dé. Láti ìgbà náà, ilẹ̀kùn tó bá dáhùn, mo kọjá. Ilẹ̀kùn tí kò bá dáhùn, a ó tì í wọlé."

"Ṣé ẹ ti tì í rí?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì. Ọ̀kan ń sùn ni, ó bú mi."

N kò béèrè èkejì.

Fọlákẹ́ pè. Mo ní, "Mo fìdí rẹmi. Mo dáná, ṣùgbọ́n n kò sùn níbẹ̀." Ó ní kí ló ṣẹlẹ̀. Mo sọ ti àga, mo sọ ti ilẹ̀kùn mẹ́rin.

"Dádì, ẹ fún màmá náà ní fóònù."

N kò mọ ohun tí ó sọ fún un. Ohun tí mo gbọ́ ni Màmá Ṣọlá tó ń sọ pé, "Bẹ́ẹ̀ ni... Ó jẹun... Rárá, ó jóná, ṣùgbọ́n ó jẹ ẹ́... Ọmọ mi, ẹni tí wọ́n bá ń kí, kò dá gbé." Ó dá fóònù padà fún mi.

Fọlákẹ́ ní, "Dádì, tí ẹ bá rí ẹnìkan ní Ọ̀wọ̀ tí yóò máa ṣe bí màmá yìí, lójoojúmọ́ kí aago méje tó lù, tí yóò sì pè mí pé ẹ ti dáhùn, ẹ dúró sílé yín. Ọjọ́ tí n kò bá gbọ́ ìpè, mò ń bọ̀ pẹ̀lú mọ́tò."

N kò tíì la ẹnu tí Alùhájì, tó ń nu ojú lẹ́nu ọ̀nà ahéré, fi ní, "Ẹ sọ fún un pé mo máa ń jí fún ìrun àsùbáà. Kí ni mo tún ń ṣe lẹ́yìn ìyẹn?" Ó ní kí Màmá Ṣọlá kọ́ òun ní ìkíni náà. Ó kọ́ ọ fún ìdajì wákàtí. Màmá ní orí rẹ̀ le.

ILÉ

Ahéré ti padà sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, àwọn adìẹ sì ti padà sínú ahéré. Sàdíìnì márùn-ún ló kù. Ìlérí tí mo ṣe fún Ìyá Fọlákẹ́, mo ti wá rí i pé kò ṣe é mú ṣẹ nílẹ̀ wa. Ilé tí ẹnikẹ́ni kò ní kan ilẹ̀kùn rẹ̀, òkè òkun nìkan ló wà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí a dé, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, Alùhájì dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, ó gbé ohùn sókè, ó kí mi. Ó ṣì í. Ó da ìkíni ilé ẹlòmíràn pọ̀ mọ́ tiwa. Mo tún un ṣe fún un láti orí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní òun ti gbọ́, ó sì fóònù sí Àbújá.

Ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ó tún ṣì í. Ó ti lé ní oṣù méjì báyìí, Kérésì ti kọjá, kò sì tíì kí i bó ṣe yẹ lọ́jọ́ kan. Mo rò pé ó ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ó mọ̀ pé òkú kì í bá ènìyàn jiyàn láti inú ilé.